Kí Ṣọ́jà Tó Bọ́ Yúnífọ́ọ̀mù

Ẹni tó bá gba Òjòó lọ sí Mọ́níyà láàárọ̀ kò ní ṣàì rí wọn lẹ́nu géètì iléèwé àti ilé epo. Bàtà wọn ń dán, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán. Bí mọ́tò ọ̀gá bá ti yọ, ọwọ́ ọ̀tún ti kan iwájú orí. Ṣọ́jà àná ni wọ́n. Báráàkì Odogbo, níbi tí orílé-iṣẹ́ Dìfíṣọ̀n Kejì ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà, kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ tó ti ibẹ̀ fẹ̀yìn tì kì í kúrò ní Akínyẹlé mọ́.

Iṣẹ́ géètì kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ogún ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun ṣe, tó lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe é, kí ló dé tó fi ń ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò tí ẹlòmíì ń tún ṣe? Báráàkì mọ̀ ọ́n ní mẹkáníìkì, ìgboro ò mọ̀ ọ́n. Kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ìwé yìí kò sì ṣòro tó bí wọ́n ṣe rò. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ìdánwò fún oníṣẹ́ ọwọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìpele mẹ́ta ló ní. Ìgbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé ló yẹ kí ṣọ́jà lọ ṣe é, kì í ṣe ìgbà tó bá ń wá owó oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ ṣọ́jà níṣẹ́ ti pẹ́. Ní 1944, nígbà tí ogun Bọ́mà ń lọ lọ́wọ́, ni òyìnbó dá ibùdó Òṣòdì sílẹ̀ láti kọ́ ṣọ́jà níṣẹ́. Òun là ń pè ní NAFRC lónìí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìbọn ba ṣọ́jà kan, Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní Bọ́mà. Ará abúlé ibẹ̀ ló gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò dá ṣáṣá mọ́, síbẹ̀ ó ríṣẹ́ ìjọba ṣe, torí pé ó ti mọ̀wé kó tó lọ.

Oṣù mẹ́fà ni ṣọ́jà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ń lò l'Óṣòdì: ẹja sínsìn, adìẹ, aṣọ rírán, wẹ́dà. Ẹni tó bá fi ṣe ìsinmi, ara rẹ̀ ló tàn jẹ.

Owó gírátúítì wá ńkọ́? Bó bá ti wọlé báyìí, àbúrò á dé, ọ̀rẹ́ tó mọ òwò tó ń pa owó di méjì á dé. Ẹ rántí bí MMM ṣe tilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá 2016. Ilé tí wọ́n fi gírátúítì kọ́ dé líńtẹ́ẹ̀lì tí igbó sì bò kún ẹ̀yìn Mọ́níyà. Ẹ jẹ́ kí owó náà jókòó fún oṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó mọ iye tó jẹ́. (Ọ̀pọ̀ ìyàwó ṣọ́jà kì í mọ̀ ọ́n, àfi bí wàhálà bá dé.)

Àwọn kan á ní oko làwọn ń lọ, pé Ọbásanjọ́ náà gbéjọba sílẹ̀ ní 1979, ó lọ dáko sí Ọ̀tà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ọ̀gágun àgbà yàtọ̀ sí ti sájẹ́ńtì. Ilẹ̀ Ìjàyè dára fún ẹ̀gẹ́. Oko ló ń bọ́ ọmọ ogun Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kí ogun 1860 sí 1862 tó tú ìlú náà, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn sì ń gba ibẹ̀ kọjá, tó ń kó gàrí lọ sọ́jà. Kí ṣọ́jà yá éékà kan lò fún ọdún kan ná. Bí ẹran bá jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tàbí tí owó gàrí wálẹ̀, á ti kọ́gbọ́n láìjẹ gbèsè.

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì, Ọláyínká Ọláyanjú, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ìjọba mọ ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́, bí ṣọ́jà bá wá béèrè iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe ní báráàkì kẹ́ ẹ tó na kọ́kọ́rọ́ géètì sí i.