Ìdọ̀tí Pupa Inú Àpótí Ẹja: Ògiri Tó Lanu Ni Kí Á Kọ́kọ́ Dí

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi kan tó ń gbé ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà pè mí lóru. Àpótí gíláàsì tó fi ń sin ẹja òkun àti iyùn nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ti pọ́n. Ohun yíyọ̀ kan, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì, ti bo iyanrìn àti òkúta, ó sì ti ń gun orí àwọn iyùn tó fi ọdún mẹ́ta tọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n da oògùn kan sí i, pé láàárín ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Kí lẹ rí sí i?"

Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú oògùn náà. Ó ní erythromycin ni. Erythromycin tí dókítà ń kọ fún ẹni tí àrùn kọ lù ní àyà! Mo ní kí ó sinmi ná. Ohun tí mo bá a sọ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lónìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewé omi ni ohun pupa yìí. Bakitéríà ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí igi ṣe ń ṣe. Irú rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú ayé, ní ohun tó ju bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀dá tó ti pẹ́ tó báyìí kò ṣeé lé kúrò láyé. Àyè tó fi ń gbilẹ̀ nìkan ni a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni àbúrò mi ń bọ́ ẹja lójúmọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta. Omi wo ló fi ń po iyọ̀? Omi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri ńkọ́? Ọ̀kan ti kú láti oṣù mẹ́ta. Ògiri ti lanu! Oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà, ó ń di fọ́síféètì àti náítíréètì. Omi ẹ̀rọ lè gbé tirẹ̀ wá. Níbi tí omi kò sì ti rìn, ìdọ̀tí á jókòó, bakitéríà á máa jẹun.

Oògùn náà lè pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó lè ṣe àwọn bakitéríà rere tó ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu ní jàǹbá. Bí ohun pupa náà bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ lè gba ọ́síjìn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, á tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sínú àpótí kan. Omi tí a bá dà nù ń bá ojú gọ́tà lọ, tòun ti oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà ṣe ń kọ́ bí a ti í borí oògùn, títí oògùn kò fi ní ran ọmọ ènìyàn mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà láìgbàṣẹ fún àwọn ẹran ọ̀sìn bí ẹja inú gíláàsì. Àwa tí a ń ra kápúsù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa.

Kí ni mo ní kí ó ṣe? Kí ó fi rọ́bà fa ohun pupa náà jáde bó ṣe ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó tún ẹ̀rọ tó kú ṣe. Kí ó dín oúnjẹ kù sí ohun tí ẹja lè jẹ tán kíákíá. Kí ó fi omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa po iyọ̀. Kí ó pa iná orí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Iyùn á fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìbínú fa gbogbo náítíréètì tán, nítorí iyùn pàápàá nílò díẹ̀, àwọn kan nínú bakitéríà yìí sì lè rí náítírójìn tiwọn fà láti inú afẹ́fẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn kan ti lo oògùn náà láìsí ewu. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni ipò oògùn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó gba àbúrò mi. Iyùn méjì kú, n kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn ti funfun, àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sí oògùn kankan nínú omi wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.