Ọkọ̀ Òfìfo: Ohun tí Ìwé Zhuangzi Lè Kọ́ Wa nípa Ìbínú

Ẹ̀kọ́ nípa sùúrù kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé kí ọmọlúàbí kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀kọ́ tí yóò fi ibi tí ìbínú ti ń ṣẹ̀ hàn wá, kí ó tó di èébú lẹ́nu tàbí pàṣán lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìtàn kékeré kan yẹ̀ wò láti inú ìwé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Zhuangzi ni orúkọ ìwé náà. Orúkọ ọlọ́gbọ́n kan tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n fi pè é. Òun àti ìwé Laozi ni òpó méjì tí ẹ̀kọ́ Tao dúró lé. Ìtumọ̀ Tao ni Ọ̀nà, èyí tí ohun gbogbo ń tọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tì wọ́n. Ẹ̀kọ́ náà ní kí ènìyàn má ṣe bá Ọ̀nà yìí jà, kí ó gba ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ní orí 20 nínú orí 33 tí ìwé náà ní ni ìtàn yìí wà. Ọkùnrin kan ń tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá odò. Ọkọ̀ òfìfo kan ń léfòó bọ̀, ó sì kọlu tirẹ̀. Bí ọkùnrin náà tilẹ̀ jẹ́ onínúfùfù, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wà nínú ọkọ̀ kejì, yóò pariwo pé kí onítọ̀hún yà. Bí kò bá gbọ́, yóò tún pariwo. Ní ìgbà kẹta, èébú ni yóò tẹ̀lé e. Ìkọlù kan náà ni. Ohun tí ó mú ìbínú wá ni èrò pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó ṣe é sí wa.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wá sí kíláàsì. Òjò rọ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ dé, olùkọ́ kò bínú. Ta ni yóò bá òjò jà? Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kan ṣoṣo ni ó pẹ́, inú sì bí olùkọ́ gidigidi, nítorí ó ti gbà pé ọmọ náà fojú tín-ín-rín òun. Bóyá ìyá ọmọ náà ni ó ń ṣàìsàn. Olùkọ́ kò tíì béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀tá sínú ọkọ̀ náà.

Ẹnìkan lè takò mí pé: bí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọlù wá bá wà nínú ọkọ̀ náà lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé kí á dákẹ́ ni? Ẹ wo ẹni tí wọ́n sọ ìtàn náà fún. Kì í ṣe tálákà tí wọ́n ń jẹ níyà. Ọba ilẹ̀ Lu ni, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì fún un ni pé kí ó sọ ara rẹ̀ di òfìfo, kí ó fọ ìfẹ́-ọkàn rẹ̀ dànù. Alágbára ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí pa ẹni tí a rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́ ti ṣì í kà.

Bẹ́ẹ̀ ni gbígbà kì í ṣe kí á di òkúta. Ní orí 18, ìyàwó Zhuangzi kú. Huizi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá kí i, ó bá a tí ó ń lu abọ́ tí ó sì ń kọrin, ó sì bá a wí. Èsì Zhuangzi ni pé òun náà kọ́kọ́ banújẹ́, kí òun tó rí i pé ikú àti ìyè ń tẹ̀lé ara wọn bí àwọn ìgbà mẹ́rin inú ọdún. Ìbànújẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé, ìgbà yẹn ni ó tó gbà.

Èrò mi ni pé kí olùkọ́ tó gbé pàṣán, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó na ẹ̀ṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ pé: "Ta ni mo fi sínú ọkọ̀ yìí?" Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ó tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ti sọ ìgbéraga tirẹ̀ sómi ná.