Ènì Kò Tún Kóńgò Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n oríṣìí ìdákẹ́ méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ẹni tí kò la ẹnu rárá. Èkejì ni ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́. Èkejì yìí ni mo fẹ́ bá wí, nítorí òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn afọ́jú fẹ́ràn jù, tí àwa náà sì ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ètò kan wà tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí ó máa ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sí etí ẹni tí kò ríran. Akàwé ni n ó máa pè é. Ó ti pẹ́ tí ó ti dáyé. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ sọ di afọ́jú lọ́dún 1978, wà lára àwọn tí ó ṣe JAWS, èyí tí ó jáde lọ́dún 1989. Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA lọ́dún 2006, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún ènìyàn. Láti ọdún 2009 ni iPhone àti àwọn fóònù Android ti ní tiwọn. N kò ní pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ọ̀tá. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe. Afọ́jú tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ka ìwé ìròyìn, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sì mọ iye owó tí ó kù fún un ní báńkì, láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú ìwé Yorùbá kan síwájú akàwé, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí yóò sọ. Akàwé kì í dá sọ̀rọ̀. Ohùn kan ni ó ń yá lò, ohùn náà sì ní láti mọ òfin èdè tí yóò kà. Níbi tí kò bá ti sí ohùn Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Yóò pe p wa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe tiwọn, yóò pín gb sí méjì, yóò sì fo àmì orí ọ̀rọ̀ bí ẹni fo kòtò. Lẹ́tà ẹ́ tilẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ̀yà méjì ni a ń so pọ̀ kí ó tó di odidi, ibi ìsopọ̀ yìí ni ohùn àjèjì sì ti máa ń kọsẹ̀. Ọkọ tí í ṣe baálé, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù yóò wá di ọ̀kan náà. Oko tí à ń lọ yóò dà pọ̀ mọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí n kò jẹ́ kọ síwájú àwọn àgbà. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ irú èyí láti fi múra ìdánwò Yorùbá, kí ni yóò kọ sílẹ̀?

Mo mọ olùkọ́ kan ní Ìlọràá tí kò ríran mọ́. Èdè Yorùbá ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bá a jókòó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tí ó ti ra akàwé rẹ̀. A to àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ṣì kà lẹ́sẹẹsẹ, a sì kọ bí ó ṣe yẹ kí ó kà wọ́n. Gbogbo ìgbà ni èsì ń dé, ọpẹ́ ni ó sì máa ń kún inú rẹ̀: wọ́n mọ rírì wa, wọn yóò gbé e yẹ̀wò. Lẹ́yìn ìkẹrin, wọ́n fún olùkọ́ ní ọdún kan sí i láìgba owó, wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé bí ó bá tún rí àléébù, kí ó máa kọ ọ́ sí àwọn nìkan. Inú olùkọ́ dùn. Inú tèmi kò dùn. Ọdún ọ̀fẹ́ náà ti tán, ẹ̀rọ kò sì tíì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà, nítorí ọjà ni àwọn baba wa ti kọ́ ìwà oníbàárà. Bí ẹ bá ra ọsàn ní Fìdítì, tí ẹ bó ọ̀kan, tí ó kan, ìdí àtẹ náà ni ẹ ó ti wí i. Àwọn tí ó dúró yóò gbọ́. Ìyá ọlọ́sàn yóò rẹ́rìn-ín, yóò fi ènì méjì sí i, yóò ní, “Ẹ má bínú, oníbàárà mi.” Ọ̀rọ̀ parí, nítorí ọsàn kan ni ó kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kóńgò tí a fi ń wọn gàrí ni a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ńkọ́? Ènì kò lè parí èyí. Ẹni tí ó gba ènì tí ó sì bá tirẹ̀ lọ ti fi àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sílẹ̀ fún ìrẹ́jẹ. Ìyálọ́jà ni à ń gbé irú kóńgò bẹ́ẹ̀ lọ bá, lójú gbogbo ọjà, kí tọmọdé tàgbà lè rí ìdí rẹ̀. Akàwé tí kò gbọ́ Yorùbá kì í ṣe ọsàn kíkan. Kóńgò ni. Ọdún ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún olùkọ́, ènì ni. Ènì kò sì tún kóńgò ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, pé ẹni tí ó ṣe ni lóore, a kì í bá a wí ní gbangba. Mo gbà pé kí a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ àti ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ènìyàn lè kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀ ní àárín ọjà. Àwọn mìíràn yóò ní àṣírí ńkọ́? Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ ènìyàn, nọ́ńbà tí ó fi ń ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, àìsàn tí ó gba ojú rẹ̀: ìkọ̀kọ̀ ni ibùgbé wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni àmì orí ọ̀rọ̀? Ta ni ó ni ẹ, ọ àti ṣ? Lọ́dún 1875, àwọn ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣóògùn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Lọ́dún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Àríyànjiyàn ọlọ́pọ̀ ẹnu ni ó bí i. Ohun tí gbogbo wa ni, ẹnìkan kò gbọdọ̀ máa dá gba ènì lórí rẹ̀.

Ẹ tún wo iṣẹ́ tí lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ń ṣe. Ká ní olùkọ́ kan kọ láti Ìlọràá, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ láti Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ kan kọ láti Kútọnu, ọmọ Yorùbá kan sì kọ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ó dá lóhùn bí ẹni pé òun nìkan ni ó rí i. Àwọn mẹ́rin kò ní mọ̀ pé mẹ́rin ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ nìkan ni yóò mọ iye wa, iye wa sì ni agbára wa. Àwọn tí ń ṣe NVDA ṣí ìwé ẹ̀sùn tiwọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹnikẹ́ni lè rí ohun tí ẹlòmíràn sọ, ọjọ́ tí ó sọ ọ́, àti èsì tí a fún un. Ojú kò tì wọ́n, wọn kò sì kógbá wọlé. Bákan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún ké sí àwọn ọmọ Yorùbá kí wọ́n fi èdè wọn kọ ọ̀rọ̀ sí Twitter ní gbangba, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bo irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Lọ́dún 2023, Meta gbé ètò asọ̀rọ̀ kan jáde fún èdè tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, Yorùbá sì wà lára wọn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ó sì dá ọdún márùn-ún fún àwọn ilé ìjọba láti ṣe ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Bí a bá fẹ́ bá ìjọba wí, a ní ọjọ́ tí a lè tọ́ka sí. Ọjọ́ wo ni a lè tọ́ka sí nínú “a ó gbé e yẹ̀wò”?

Kí ẹni tí ẹ̀rọ bá ṣì kàwé fún kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, orúkọ ètò náà àti ọjọ́. Kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, kí ó yọ àṣírí ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀dà kan, kí ó sì fi ẹ̀dà náà síta lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí Ìlọràá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá, èyí tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìwé ẹ̀sùn kan wà tí gbogbo ayé lè kà. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Fìdítì, Ìlọràá àti Awẹ́ fọwọ́ sí i, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí a sì béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ọpẹ́ wọn ti tó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Afọ́jú tí ń sunkún náà ń rí ohun kan: àwa tí ojú wa là ni a ń sọ fún un pé kí ó rọra, kí ó má pariwo. Ẹ jẹ́ kí a gbé kóńgò náà jáde sí ojú ọjà. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò.