Kí Àlejò Tó Wọ Igbó Ọ̀ṣun

Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, àwọn ará Brazil, Cuba, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù a máa wọ́ tìrítìrí wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Inú ìlú ń dùn sí wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń gba àlejò kì í sábà sọ fún wọn ni pé ilé ìjọsìn ni wọ́n ń lọ. Bí UNESCO ṣe fi igbó náà kún ogún àgbáyé ní 2005 kò sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn olùsìn ṣì ń kúnlẹ̀ létí odò Ọ̀ṣun tó gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń tọrọ ọmọ, wọ́n sì ń dúpẹ́ lórí èyí tí wọ́n ti rí gbà.

Ọjọ́ Arugbá ni àìmọ̀kan náà máa ń hàn jù. Ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba, tí kò tíì mọ ọkùnrin, ni yóò ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, dé ojúbọ. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí àmì burúkú ni wọ́n ka ìkọsẹ̀ yẹn sí. Síbẹ̀, àlejò kan á máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú ọmọ ọlọ́mọ, fóònù lókè, kí àwòrán lè dára. Àwọn tó yí Arugbá ká á tì í kúrò lọ́nà, òun náà á fajú ro pé wọ́n fìyà jẹ òun. Ẹ̀bi ẹni tó mú un wá láìkìlọ̀ fún un pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ààyè rẹ̀. Bí igbá bá ń kọjá, kí ó gbàdúrà tirẹ̀ bí àwọn onílé ti ń ṣe.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí igbó náà ní tòótọ́, kí ó tún padà lọ lọ́jọ́ tí kò sí ọdún. Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀yìn ènìyàn ló máa rí. Láàárọ̀ ọjọ́ lásán, yóò ráyè dúró wo àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú bíi Adébísí Àkànjí fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ. Àwọn ère wọ̀nyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gé igbó náà tà. Àdùnní papòdà ní 2009, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò yí padà: ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í gé igi, wọn kì í sì í pa ẹja odò.

Ọ̀rọ̀ omi ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bò mọ́lẹ̀. Omi ìwòsàn ni Ọ̀ṣun lójú olùsìn, ọ̀pọ̀ ló sì ń bu ú sínú ike lọ sílé. Àmọ́ àwọn tó ń wa góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ti da omi náà rú títí tó fi pọ́n bí amọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí ará ìlú má mu ún. Ẹni tó ti Salvador ní Brazil wá, tó ti ń kí Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń pè ní Oxum níbẹ̀, láti kékeré, tó sì lè ké “Oore Yèyé o!” ju ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Òṣogbo lọ, báwo ni yóò ṣe mọ èyí? Ìtìjú ni fún onílé láti sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n dandan ni. Kí àlejò kúnlẹ̀, kí ó gbàdúrà, kí ó má gbé omi náà mì.

Ìyókù kò ṣòro. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn ìrọ̀lẹ́ àti bàtà tí kì í yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ kí àgbà kó tó béèrè ohunkóhun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, kí ó tọrọ àyè kó tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

Owó ìwúre ló kù, àwọn onílé ni ọ̀rọ̀ yìí sì bá wí. Ẹni tó san owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà kò yẹ kó tún gbọ́ iye mìíràn nígbà tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kí àwọn àwòrò àti àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa sọ iye rẹ̀ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lè wí bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú.