Ọmọ Tó Wọ Iṣẹ́ Àwọn Tó Lu Bàbá Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ fún yín lọ́la pé òun fẹ́ di ọlọ́pàá níbẹ̀, kí lẹ ó wí?

Ìdílé àwọn Logan ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì rí. Ará Jàmáíkà ni bàbá àti ìyá Leroy Logan, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1957. Ó kàwé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwòsàn Royal Free. Ó ti ń múra àtiwọ iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá bàbá rẹ̀ dúró, ẹni tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, lórí ọ̀rọ̀ ibi tó gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n lù ú ní ìlù ìkà.

Ẹ fojú inú wo ilé yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sẹ́bàá iná. Bí bàbá bá bínú sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èmi kò rí ẹ̀bi rẹ̀. Síbẹ̀, Leroy wọṣẹ́ ní 1983. Onígbàgbọ́ ni, èrò rẹ̀ sì ni pé ẹni tó wà nínú ilé ló lè tún ilé ṣe.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ irú ìyà yìí. Norwell Roberts ti ṣíwájú rẹ̀ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà kì í bá a sọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ da tíì lù ú. Ní ti Logan, wọ́n kọ èébú sára àpótí tó ń kó aṣọ rẹ̀ sí. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọdé ń kà. Bó bá sì jáde sí ìgboro, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ a máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Níbo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ forí lé?

Ní 1990 ni àwọn ọ̀gá pe àwọn ọlọ́pàá dúdú àti ti Éṣíà jọ sí ìlú Bristol, nítorí wọ́n rí i pé wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ju àwọn òyìnbó lọ. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun nìkan kọ́ ló ń ṣe òun. Láti inú ìpàdé yẹn ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́pàá Dúdú ti jáde ní 1994, Logan sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Ní 1993, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó gún Stephen Lawrence pa níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 18 ni. Nígbà tí Macpherson ń ṣe ìwádìí lórí bí ọlọ́pàá ṣe bá ẹjọ́ náà jẹ́, ẹgbẹ́ yìí lọ jẹ́rìí. Wọ́n ní àṣà inú iṣẹ́ náà ló burú, kì í ṣe ènìyàn kan tàbí méjì, ó sì lè gbé ọlọ́pàá dúdú pàápàá mì. Ẹ̀rí yìí ṣòro láti jẹ́, nítorí ó kan àwọn fúnra wọn. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 1999, ó sì gbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò iṣẹ́ náà.

Logan di ọ̀gá, wọ́n sì tún wá a wò lórí owó òtẹ́ẹ̀lì £80. Ọgọ́rin péré! Ọ̀rọ̀ náà kò rí ẹsẹ̀ dúró. Ní 2003 wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì san £100,000 fún un. Ó fẹ̀yìn tì ní 2013. Síbẹ̀, ìwádìí Louise Casey fi hàn ní 2022 pé ó fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn láti fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ dúdú ju òyìnbó lọ.

Ọmọ Yorùbá, John Boyega, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ló ṣe Logan nínú fíìmù ní 2020. Ẹ wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tó ti dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì ní òun ń lọ, kó wá ẹgbẹ́ náà lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó máa kọ ọjọ́ àti wákàtí ohun gbogbo tí wọ́n bá ṣe sí i sílẹ̀, kó sì máa pe ilé lálẹ́ Sátidé.