Ọkọ̀ Òfúrufú Alábẹ̀bẹ̀: Agbára Rẹ̀ àti Àìlera Rẹ̀

Àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín pé ní ayé tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń sáré ju ohùn ara rẹ̀ lọ, ìjọba wa ṣì ń náwó lé èyí tí abẹ̀bẹ̀ ń fà lójú ọ̀run. Owó náà kì í ṣe kékeré. Ó súnmọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là tí a san fún Amẹ́ríkà lórí Super Tucano 12, ọkọ̀ tí àwọn ará Brazil kọ́kọ́ ṣe. Ní 2021 ni gbogbo wọn dé. Owó ìlú ni. Ó tọ́ kí ará ìlú mọ ohun tí a fi í rà.

Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jẹ́ẹ̀tì a ré igbó kọjá kí awakọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́jú. Alábẹ̀bẹ̀ a rọra máa yí i po fún wákàtí púpọ̀, ẹni méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan ń wà á, èkejì ń fi ẹ̀rọ tí ń ríran lókùnkùn wo ilẹ̀. Epo tí ó ń jẹ kò pọ̀, pápá kúkúrú tí kò dán sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ rántí ogun abẹ́lé wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1969, ọkọ̀ kéékèèké márùn-ún tí a ṣe ní Sweden, tí agbára ẹ́ńjìnnì ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ti ẹṣin 100 lọ, fò mọ́ orí igi lọ sí Port Harcourt. Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, ni ó ṣáájú wọn fún Biafra. Rọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ apá wọn ni wọ́n yìn lu àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nítorí pé àdá mú, a kì í fi í gé òkúta. Ní 1972, ní Vietnam, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn kan lè gbé lé èjìká, tí ń tọ ooru ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn alábẹ̀bẹ̀ Skyraider lulẹ̀. Ní 1991, Amẹ́ríkà pàdánù Bronco méjì sínú ogun Iraq. Ní tiwa, ọjọ́ 18 oṣù Keje, 2021 ni ìbọn àwọn agbébọn já Alpha Jet kan lulẹ̀ ní ìhà Zamfara, bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ̀tì ni, eré rẹ̀ sì ju ti Tucano lọ. Láti ìgbà tí ìjọba Gaddafi ti ṣubú ní 2011 ni ohun ìjà ilé ìṣúra rẹ̀ ti fọ́n ká aṣálẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ikú.

Àìlera kejì burú ju ti àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kò mọ olóko yàtọ̀ sí olè. Ẹni tí ó rán an ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 2017, ọkọ̀ òfúrufú ológun ju bọ́ǹbù lu àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann. Àwọn ológun sọ lẹ́yìn náà pé kò sí àmì àgọ́ náà lórí àwòrán ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 2023, ọkọ̀ aláìlawakọ̀ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní 80 ní Tudun Biri, níbi àjọ̀dún wọn. Wọn kì í ṣe Tucano, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: bọ́ǹbù tí ó ṣe déédéé, tí ìròyìn tí a fi rán an kò sì ṣe déédéé, ìpànìyàn ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí a kọ́ ọmọ wa láti máa tún ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe nílé, kí wọ́n má baà jókòó de irin àyípadà láti òkè òkun. Èkejì, kí a bi àwọn ará oko léèrè kí a tó yìnbọn, kí a sì san owó ìtanràn fún ẹni tí a bá ṣì pa ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí ọlọ́pàá àti ọmọ ogun wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ. Ọkọ̀ òfúrufú lè lé ọ̀tá kúrò lóko. Kò lè sùn síbẹ̀ ṣọ́ iṣu. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́ rẹ̀ jáde láìbojú wẹ̀yìn ni a óò mọ̀ pé owó náà kò ṣòfò.