Férémù Awò Onípele Méjì

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú lọba ara. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọba náà a máa darúgbó ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Etí lè máa gbọ́ dáadáa, ẹsẹ̀ lè máa yan dé oko, kí ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti tó ọmọ ogójì ọdún tàbí tí ó lé díẹ̀, yóò rí i pé ìwé tí òun ń kà nítòsí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí òun ń nà síwájú. Bí ó bá tún pẹ́ díẹ̀, yóò tún nà án sí i, títí apá rẹ̀ kò fi ní gùn tó mọ́. Èyí kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ohun kan wà nínú ẹyinjú tí ó mọ́ gaara bí omi, tí ó rọ̀ nígbà èwe, tí ó sì ń nípọn tàbí kí ó fẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí à ń wò bá ti súnmọ́ wa tàbí tí ó jìnnà sí wa. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni nǹkan náà ń le. Ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé, kò yọ ẹnìkan sílẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn ní ayé ni ó wà nínú ipò yìí, àti pé àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 800 nínú wọn kò ní awò tí ó tó láti fi ríran.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ọ̀nà jíjìn kedere kò ní wàhálà púpọ̀: yóò ra awò ìkàwé, yóò fi ka ìwé rẹ̀, yóò sì bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá parí. Ìpọ́njú wà fún ẹni tí kò rí ti òkèèrè dáadáa, tí kò sì rí ti ìtòsí mọ́. Awò méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé kiri nígbà kan rí, tí ó ń bọ́ ọ̀kan tí ó ń wọ èkejì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀, bá ara rẹ̀ nínú ìpọ́njú yìí nígbà tí ó jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Whatley, ní ọdún 1785, ó ṣàlàyé pé òun ti mú kí wọ́n gé dígí sí ààbọ̀ ààbọ̀, kí wọ́n fi ààbọ̀ ti òkèèrè sókè àti ààbọ̀ ti ìtòsí sísàlẹ̀ nínú férémù kan ṣoṣo. Ó ní ó wúlò fún òun jù lọ nídìí tábìlì oúnjẹ, nítorí òun ń rí ohun tí òun ń jẹ, òun sì tún ń rí ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní òdìkejì. Bí òun bá sì ti rí bí ojú àti ẹnu olúwarẹ̀ ti ń yí, èdè Faransé a túbọ̀ yé òun. Ta ni ì bá rò pé awò ojú lè ran etí lọ́wọ́! Ní ọdún 1959, ní ilẹ̀ Faransé kan náà, Bernard Maitenaz gbé awò tí kò ní ìlà láàrin jáde, èyí tí wọ́n pè ní Varilux. Nínú irú awò yìí, agbára dígí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí kò ní àtẹ̀gùn.

Dígí ni gbogbo ènìyàn ń yìn nínú ìtàn yìí. Férémù tí ó gbé dígí dúró kò rí ẹni yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń sọ iṣẹ́ dígí di rere tàbí asán. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí awò onípele kan ṣoṣo bá yọ̀ díẹ̀ lórí imú, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè má tilẹ̀ mọ̀, nítorí dígí náà rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Ti awò onípele méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà rẹ̀ ní láti wà ní ọ̀gangan etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ti èyí tí kò ní ìlà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àmì kan wà lára rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí iwájú ọmọlójú gan-an, ojú ọ̀nà tí ènìyàn sì ń gbà wò láti òkè dé ibi ìkàwé kò fẹ̀. Mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí férémù bá yọ̀ wálẹ̀, apá ìkàwé a bọ́ sísàlẹ̀ jù, ẹni náà a sì máa gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí ń wo àjà kí ó tó lè ka ìwé. Bí ó bá ga jù, apá ìkàwé a gòkè wá dí ọ̀nà jíjìn lójú rẹ̀, yóò sì máa dorí kodò bí ẹni tí wọ́n bá wí.

Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Bàbá tí ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ìka kan ti awò sókè lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ń ránṣọ ń fi ọwọ́ kan di awò mú, ó ń fi èkejì wá ihò abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọdé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní àgbàlagbà ń ṣe ṣakaṣìkì. Kì í ṣe ṣakaṣìkì rárá. Férémù tí a kò wọn imú fún ni wọ́n wọ̀. Ìka kò dọ́gba, imú pẹ̀lú kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn férémù tí à ń kó wọ̀lú ni ó sì jẹ́ pé imú tóóró tí ó ga ni àwọn tí ó ṣe é ní lọ́kàn. Bí a bá gbé e lé imú tí ó fẹ̀, tí òógùn ọ̀sán sì kún un, kí ni ó kù tí yóò dá a dúró? Télọ̀ kì í rán agbádá láìwọn ara, bẹ́ẹ̀ ni orí olórí kọ́ ni à ń fi dán fìlà ẹni wò. Ó yani lẹ́nu pé ohun tí ó wọ́n ju fìlà lọ ni ènìyàn ń rà láìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá ìwé kíkà. Apá ìsàlẹ̀ awò onípele méjì ni ẹsẹ̀ ń gbà rí ilẹ̀, ohun tí ó wà nítòsí nìkan ni ó sì ń fi hàn kedere. Àtẹ̀gùn tí àgbàlagbà fẹ́ sọ̀kalẹ̀ a di bàìbàì lójú rẹ̀. Ní ọdún 2002, Stephen Lord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 156; wọ́n rí i pé àwọn tí ń lo awò onípele púpọ̀ ṣubú ju àwọn tí kò lò ó lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2010, ní ilẹ̀ Ọsirélíà kan náà, fi hàn pé ó dára kí àgbàlagbà tí ń jáde lọ síta déédéé ní awò ọ̀nà jíjìn lọ́tọ̀ fún ìrìn òde. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá arúgbó tí egungun ìtan rẹ̀ dá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ férémù tí ó yọ̀ wálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Òótọ́ ni pé férémù nìkan kò lè mú ewu yìí kúrò, ṣùgbọ́n férémù tí kò dúró níbi tí ó yẹ ń fi kún un.

Nítorí náà, férémù tí ó ṣeé tún ṣe sí imú àti etí ẹni tí ó ni ín ni ó yẹ irú dígí yìí, kò sì sí ẹwà tí ó lè dípò rẹ̀. Férémù onírin tí ó ní ìrọ̀rí kékeré méjì lórí imú ni ó rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí ọwọ́ tín-ínrín ni ó gbé ìrọ̀rí náà dúró: bí oníṣẹ́ bá fi ẹ̀mú fún wọn pọ̀, awò a gòkè, bí ó bá yà wọ́n, awò a sọ̀kalẹ̀. Férémù oníke ní agbára tirẹ̀, a sì lè fi ooru tẹ apá rẹ̀ láti gbá ẹ̀yìn etí mú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jókòó lórí imú kì í sábà ṣeé yí padà. Àwọn kan tilẹ̀ ti ronú férémù tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè fúnra rẹ̀ gbé sókè nígbà tí ó bá fẹ́ kàwé, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ rìn. Èrò rere ni, bí kò bá ní ju ohun kan tí ń yí lọ. Èyí tí ó bá kún fún ìdè wẹ́wẹ́, erùpẹ̀ àti òógùn yóò bá a jà, ìdè kan yóò sì bọ́ sọnù ní ọjọ́ tí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé ìrọ̀rí imú a máa tẹ ihò síni lára, pé irin mìíràn a máa mú ara yún, pé owó rẹ̀ sì lè ju ti èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó. Gbogbo rẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí ṣeé pààrọ̀, irin tí kì í mú ara yún sì wà. Ní ti owó, dígí onípele méjì ni ó ń gba owó jù nínú awò náà. Ẹni tí ó bá fi owó tabua ra dígí, tí ó wá ń wá ẹ̀dínwó lórí ohun tí yóò gbé e dúró, ó dà bí ẹni tí ó ra ilẹ̀kùn ìrókò tí ó fi okùn so ó mọ́ ògiri. Ẹ̀bi púpọ̀ sì wà lọ́rùn àwọn tí ń ta awò. Wọn a gba owó, wọn a fi awò sínú àpò rẹ̀, wọn a ní yóò mọ́ ọn lójú tí ó bá yá. Nígbà mìíràn, òtítọ́ ni, nítorí awò tuntun a máa ṣe ojú ní bákan fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlénilọ ni.

Ọmọ tí ó mọ̀wé, tí ó bá tẹ̀lé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ gba awò, lè ṣe ohun tí àgbàlagbà ń tijú láti ṣe. Kí ó ní kí òbí rẹ̀ jókòó níwájú oníṣẹ́, kí ó wọ awò náà, kí ó sì gbá orí wò nílẹ̀ bóyá yóò yọ̀. Kí ó fún un ní ìwé, kí ó mú un bí ó ti ń mú un nílé, láìgbé àgbọ̀n sókè. Bí kò bá rí i, kí oníṣẹ́ mú ẹ̀mú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí òbí náà dìde, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan tàbí méjì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó tó di pé wọ́n padà wọlé wá san owó tí ó kù.